Abo màlúù mi kò sinmi tó kí ó tó bímọ: ọjọ́ mélòó ló yẹ kí ọmú rẹ̀ fi gbẹ?

Olóko Ìṣéyìn

Mo kí gbogbo ẹ̀yin olùsìn màlúù tó wà níbí. Mo ní abo màlúù mẹ́fà tí wọ́n jẹ́ àdàlù Friesian (màlúù oníwàrà ilẹ̀ òyìnbó) àti màlúù funfun àwọn Fúlàní, mo sì ń ta wàrà wọn fún àwọn tó ń ṣe wàràkàṣì àti yọ́gọ́ọ̀tì nínú ìlú. Ọ̀rọ̀ abo méjì ló ń dà mí láàmú.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí à ń pè ní Àdùkẹ́. Lẹ́yìn tó bí ọmọ rẹ̀ kejì, lítà 11 ni mò ń rí lára rẹ̀ lóòjọ́ nígbà tí wàrà rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Nígbà tó tún lóyún, wàrà náà ń dínkù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ ní lítà 3 lójúmọ́, n kò sì rí ìdí tí mo fi gbọ́dọ̀ fi lítà mẹ́ta ṣòfò lójoojúmọ́. Mo ń fún un títí ó fi ku ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó bí. Ó bí láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí, wàrà rẹ̀ kò tíì kọjá lítà 7 rí. Oúnjẹ tó ń jẹ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń jẹ, n kò sì rí àìsàn kankan lára rẹ̀.

Èkejì ni mo fi sílẹ̀ kí ọmú rẹ̀ gbẹ fún odindi oṣù méjì. Mo rò pé mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa, nítorí pé ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti káún síwájú rẹ̀. Ó bí ní àárọ̀, nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, kò lè dìde mọ́, etí rẹ̀ tutù, ó yí orí rẹ̀ sí ìhà. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà ẹran tó tètè dé, tó sì fa oògùn sí i lára láti ojú iṣan.

Ẹni tó fún wàrà títí dé ẹ̀yìn pàdánù, ẹni tó dáwọ́ dúró náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù màlúù. Abo mi kẹta gba abẹ́rẹ́ àtọ̀, ìyẹn àtọ̀ akọ tí wọ́n fi sí i nínú láìjẹ́ pé akọ gùn ún, ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, yóò sì bí láìpẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni mo ṣe tí kò tọ́, kí sì ni kí n ṣe fún èyí tó ń bọ̀?

Dókítà Ẹran Ọ̀yọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóko. Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, nítorí pé ohun tó fa ti Àdùkẹ́ kọ́ ló fa ti èkejì. Mo máa dá ti èkejì dúró ná.

Inú ọmú màlúù kún fún àwọn àpò tíntìntín tí sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe wàrà tẹ́ inú wọn. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́wàá tí a ti ń fún wàrà lára rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ti gbó. Bí a bá dáwọ́ fífún dúró, ara màlúù á kọ́kọ́ fa wàrà tó kù nínú ọmú padà, á sì palẹ̀ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó mọ́, iṣẹ́ tó ń gbà á tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni tuntun á máa hù dípò wọn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta tó kẹ́yìn kí ó tó bí, ọmú á tún bẹ̀rẹ̀ sí kún, ara rẹ̀ á sì máa kó èròjà tó ń gbógun ti àrùn láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú wàrà àkọ́yọ tí ọmọ rẹ̀ máa mu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Ìṣéyìn mọ̀ pé bí ahunṣọ bá hun òwú tó wà lórí òfì tán, tó sì gé aṣọ rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ta òwú mìíràn kí ó tó lè hun òmíràn. Ọjọ́ 14 tí ẹ fún Àdùkẹ́ kò tó fún un láti palẹ̀ èyí tó ti gbó mọ́, ká má tíì sọ pé kó ta òwú tuntun.

Ọjọ́ 60 ni èmi máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí, ó sì lè dín sí 45 fún abo tó ti bí tó ẹ̀ẹ̀mẹta tí ara rẹ̀ sì dá. Èyí tó ń lọ sí ìbí kejì kò gbọ́dọ̀ dín sí 60, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ṣì ń dàgbà. Bí ìsinmi bá ti kéré sí 40 ọjọ́, wàrà ìgbà tó ń bọ̀ á dínkù, bí kò bá sì sinmi rárá, ó lè pàdánù ìdá kan nínú márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tún rántí pé nínú oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn oyún ni ọmọ inú rẹ̀ ń ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwúwo tó máa fi wáyé. Ẹnu méjì ló ń jẹ nínú abọ́ kan ní àsìkò yẹn, ẹ ò gbọ́dọ̀ fi fífún wàrà sọ ọ́ di mẹ́ta.

Oyún màlúù máa ń tó ọjọ́ 283 lápapọ̀, èyí tó ní ẹ̀jẹ̀ màlúù abuké sì lè fi ọjọ́ díẹ̀ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ka ti abo yín láti ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ 17 oṣù Kejì ló bọ́ sí. Ẹ fún wàrà rẹ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ti lè rí i.

Ìyá Oníwàrà

Dókítà, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ ní ìhà ti àwa tí à ń ra wàrà tí a sì tún ń sìn díẹ̀. Abo mẹ́ta péré ni mo ní. Tí mo bá ní kí ẹyọ kan sinmi fún oṣù méjì, ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mò ń sè ló lọ yẹn. Àwọn oníbàárà wàrà kì í dúró deni. Ẹni tó bá dé lẹ́ẹ̀mejì tí kò bá ọjà á wá ibòmíràn lọ. Ṣé a ò lè fi mọ ní ọgbọ̀n ọjọ́? Lítà mẹ́ta mẹ́ta fún oṣù kan kì í ṣe owó kékeré.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran Ọ̀sìn, Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ kú ọjà, Ìyá. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò Olóko fúnra rẹ̀ wò ó. Dípò kí Àdùkẹ́ sinmi fún ọjọ́ 60, ọjọ́ 14 ló fi sinmi, ìyẹn ni pé Olóko fi ọjọ́ 46 fún wàrà tí kò yẹ kí ó fún. Ní lítà 3 lójúmọ́, lítà 138 ni èrè rẹ̀. Nísinsìnyí, Àdùkẹ́ ń fún un ní lítà 7 dípò 11, àdánù lítà mẹ́rin lóòjọ́. Láàárín ọjọ́ 35 péré, àdánù náà ti di lítà 140, ó sì ti gbé gbogbo èrè yẹn mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sọ pé ó ti bí, oṣù mẹ́jọ sì ṣì wà níwájú tí wọ́n á máa fún un.

N kò sọ pé ìsinmi tó kéré nìkan ló fa gbogbo lítà mẹ́rin náà, nítorí pé koríko ọdún yìí lè má dà bíi ti èṣí. Ṣùgbọ́n bó bá tilẹ̀ jẹ́ ìdajì rẹ̀ ni, kò ní pé oṣù méjì àbọ̀ tí àdánù á fi bá èrè dọ́gba.

Ní ti kí ọjà má baà dá, mo rò pé ohun tí ó lè ran yín lọ́wọ́ ni kí àwọn abo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má ṣe lóyún ní àsìkò kan náà. Bí ẹ bá jẹ́ kí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin wà láàárín ìgbà tí ọ̀kan gba àtọ̀ àti ìgbà tí èkejì gbà á, ẹ ò ní ní ju ẹyọ kan tó ń sinmi lọ nígbà kankan, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí á sì máa fún yín ní púpọ̀ ní àkókò tí ti ẹlòmíràn gbẹ.

Ọmọ Gáà Ṣakí

Mo ka ohun tí ẹ kọ, mo sì fẹ́ fi ti gáà wa kún un. Màlúù funfun là ń sìn, kì í ṣe àdàlù. Lítà kan sí méjì ni ìyá mi ń rí fún lára abo kan lóòjọ́ lẹ́yìn tí ọmọ rẹ̀ bá ti mu tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń dá ọjọ́ tí ọmú máa gbẹ. Abo fúnra rẹ̀ ló ń ta ọmọ rẹ̀ nípàá nígbà tí oyún mìíràn bá ti wúwo nínú rẹ̀. Ṣé ọ̀rọ̀ yìí tiẹ̀ kàn wá?

Dókítà Ẹran Ọ̀yọ́

Ó kàn yín, àmọ́ láti ẹ̀yìn ló ti kàn yín. Ìṣòro àwọn abo inú gáà kì í sábà jẹ́ pé wọn kò sinmi tó. Wọ́n ń sinmi jù ni, nítorí pé kì í rọrùn fún wọn láti tètè lóyún padà, ọmú wọn á ti gbẹ tipẹ́ kí wọ́n tó tún bí, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko ti dà bí igi gbígbẹ sì ni oṣù tó kẹ́yìn oyún púpọ̀ nínú wọn máa ń bọ́ sí. Ẹ má ṣe da ara yín láàmú lórí ọjọ́ tí ẹ máa dáwọ́ fífún dúró. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ ya àwọn tó ti sún mọ́ ìbímọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń rin ọ̀nà jíjìn lọ jẹko, kí ẹ sì máa fi èèpo ẹ̀wà, èèrí ọkà tàbí èèpo gbágùúdá tó ti gbẹ dáadáa kún oúnjẹ wọn nírọ̀lẹ́. Abo tó bí nígbà tí eegun ìhà rẹ̀ hàn kedere kò ní wàrà púpọ̀, á sì pẹ́ kí akọ tó tún lè gùn ún.

Olóko Ìṣéyìn

Ìṣirò yẹn dùn mí lọ́kàn, ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Mo ti kọ ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá sára ògiri. Abo kẹta yìí ṣì ń fún mi ní lítà 6 báyìí, báwo ni mo ṣe máa dáwọ́ dúró lójijì? Aládùúgbò mi kan ní kí n má ṣe fún un lómi fún ọjọ́ méjì, pé wàrà á gbẹ fúnra rẹ̀.

Dókítà Ẹran Ọ̀yọ́

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀. Oṣù Kejìlá ni ọyẹ́ ń fẹ́ ní ìhà Òkè-Ògùn, tí oòrùn ọ̀sán sì ń mú, màlúù olóyún tí kò rí omi mu á jìyà, ọmọ inú rẹ̀ á jìyà pẹ̀lú rẹ̀. Oúnjẹ ni ẹ máa dín kù, kì í ṣe omi.

Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ọjọ́ 19 náà, ẹ yọ oúnjẹ alágbára kúrò, ìyẹn àgbàdo lílọ̀, èèrí ọtí bíà àti ohun gbogbo tó ń fa wàrà, kí ó máa jẹ koríko gbígbẹ tàbí pòròpórò àgbàdo. Ẹ sọ fífún di ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́. Lítà 6 yín á ti sún mọ́ 3 kí ọjọ́ náà tó pé. Màlúù tó ń fúnni ní lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni irú ìdínkù yìí jẹ́ dandan fún, ṣùgbọ́n kò burú fún tiyín náà.

Ní ọjọ́ ìkẹyìn, ẹ fún un tán pátápátá, kí ẹ má fi nǹkan kan sílẹ̀ nínú ọmú. Láti ọjọ́ kejì, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Ọmú á kún, á le, á sì máa dẹ́rù bà yín ní ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin. Ìfúnpá wàrà tó kún inú rẹ̀ yìí gan-an ló ń sọ fún ara màlúù pé kó má ṣe é mọ́. Bí àánú bá ṣe yín, tí ẹ sì fún díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ ti sọ fún un pé kó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ sì ti ṣí ihò orí ọmú tó ti fẹ́ dí. Tó bá di ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ ó rí i tó ń rọ̀. Àyàfi bí ìdá kan nínú ọmú bá pọ́n, tó gbóná, tí kò sì jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kàn án, ìgbà yẹn ni kí ẹ pè wá kíákíá.

Àgbẹ̀ Òkè-Òkun, Wales

Ẹ kú ìjíròrò o. Oko màlúù oníwàrà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí, mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ihò orí ọmú tí Dókítà mẹ́nu bà, nítorí pé òun ni ọ̀gá mi máa ń tẹnu mọ́ jù lọ.

Bí fífún bá dúró, nǹkan kan tó dà bí ìda máa ń dí ihò náà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í tètè dí ní gbogbo orí ọmú, pàápàá ti màlúù tó ń fúnni ní wàrà púpọ̀. Àlàfo yẹn ni àwọn kòkòrò àrùn ń gbà wọlé. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn kí ó tó bí ló léwu jù, kòkòrò tó bá sì wọlé nígbà náà lè fara pamọ́ títí di ìgbà tí màlúù bá bí, kí ọmú tó wú.

Tẹ́lẹ̀, gbogbo màlúù ni wọ́n ń fi túùbù oògùn agbógunti kòkòrò sí lọ́mú ní ọjọ́ ìkẹyìn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Àjọṣepọ̀ Yúróòpù, láti ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2022, òfin kò fàyè gba kí a máa lò ó fún gbogbo agbo bíi dídènà lásán mọ́, nítorí pé kòkòrò ń bá oògùn náà mọ́ra. Ní oko tiwa náà, màlúù tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó ní àrùn nìkan là ń fún ní oògùn. Èyí tí ara rẹ̀ dá ń gba ohun ìdíhò tí wọ́n fi bismuth ṣe, tó kàn ń dí ọ̀nà ni, kò sì ní oògùn nínú.

Bí ẹ bá máa fi túùbù sí i, ìmọ́tótó ni ohun gbogbo. Ẹ fi òwú tó rin fún ọtí ìpakòkòrò nu orí ọmú kọ̀ọ̀kan títí òwú á fi mọ́ tónítóní. Èyí tó jìnnà sí yín ni kí ẹ kọ́kọ́ nù, kí apá yín má baà tún kan èyí tó ti mọ́, ṣùgbọ́n èyí tó sún mọ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fi túùbù sí. Ẹnu túùbù díẹ̀ ló yẹ kí ó wọlé, ẹ má ṣe tì í wọ̀ tán. Mo ti rí ibi tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fi túùbù sí i láìnu orí ọmú dáadáa. Kòkòrò inú ìgbẹ́ ló bá a tì wọlé, màlúù náà sì kú láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Ó sàn kí ẹ má fi nǹkan kan sí i ju kí ẹ fi ọwọ́ ìdọ̀tí sí i lọ.

Ìyá Oníwàrà

Báwo ni a ṣe máa mọ èyí tó ní àrùn nígbà tí ọmú kò wú, tí wàrà kò sì yí padà lójú?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran Ọ̀sìn, Ògbómọ̀ṣọ́

Ọ̀nà kan wà tí kò ná yín lówó. Ẹ po ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun gíráàmù 3 sínú omi mílílítà 100. Ẹ fún wàrà díẹ̀ láti orí ọmú kọ̀ọ̀kan sínú ife ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ da omi ọṣẹ tó bá wàrà náà dọ́gba lé e, kí ẹ sì máa yí ife náà jẹ́jẹ́. Wàrà tó dára á ṣàn bí omi. Èyí tó bá ki, tó ń fà bí ilá, ọmú yẹn ní àrùn nínú bí kò tilẹ̀ wú. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ ìkẹyìn, kí dókítà lè mọ ohun tí ẹ nílò.

Bàbá Ọlọ́sìn Ìbàràpá

Mo ti ń retí kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórí abo kejì tí kò lè dìde. Olóko ní ewé ẹ̀pà àti káún lòun ń fún un. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, àwọn bàbá wa àti àwọn Fúlàní tó ń bá wa da màlúù kò fi káún ṣeré. Ẹran tí kò rí káún lá kì í jẹun dáadáa. Ewé ẹ̀pà náà ló dára jù nínú ohun tí a ń rí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé a fẹ́ sọ pé ohun rere méjì ló dá màlúù wólẹ̀?

Dókítà Ẹran Ọ̀yọ́

Ẹ ṣeun, Bàbá. Òótọ́ lẹ sọ, ohun rere ni méjèèjì, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lé káún kúrò nínú agbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dá lórí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kẹ́yìn péré.

Ìṣẹ́jú tí màlúù bá bí ni kálísíọ́mù ń sáré jáde kúrò lára rẹ̀ lọ sínú wàrà. Lítà 10 wàrà àkọ́yọ ní nǹkan bíi gíráàmù 23 kálísíọ́mù nínú, bẹ́ẹ̀ èyí tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ màlúù náà ní ìgbà kan kò ju nǹkan bíi gíráàmù 3 lọ. Inú eegun àti inú oúnjẹ ló ti gbọ́dọ̀ fa ìyókù, kíákíá. Abo tó ti ń rí kálísíọ́mù rẹpẹtẹ jẹ lójoojúmọ́ kò tíì fi ara rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń wú u jáde láti inú eegun, bẹ́ẹ̀ ni ewé ẹ̀pà, àti agúnmaniyè pẹ̀lú, kún fún kálísíọ́mù. Káún ní tirẹ̀ kún fún sódíọ́mù. Bí sódíọ́mù àti pọ̀táṣíọ́mù bá pọ̀ jù nínú oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ á tẹ̀ sí ìhà tí omi eérú wà, ìyẹn òdìkejì ohun kíkan, eegun kò sì ní gbọ́ ìpè ara dáadáa nígbà tó bá ń bèèrè kálísíọ́mù. Màlúù á wólẹ̀. Àwọn iṣan rẹ̀ kò ní agbára mọ́, ara rẹ̀ á tutù, bí ẹ kò bá sì tètè rí ẹni tó máa fa kálísíọ́mù sí i láti ojú iṣan díẹ̀díẹ̀, ó lè kú láàárín ọjọ́ kan. Abo tó ti bí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló sábà máa ń ṣe. Èyí tó bí fún ìgbà àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in.

Nítorí náà, Olóko, láti ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá títí di ọjọ́ 26 oṣù Kìíní, abo yín lè jẹ ewé ẹ̀pà díẹ̀ kó sì lá káún díẹ̀. Láti ọjọ́ 27 oṣù Kìíní, ẹ gbé méjèèjì kúrò, pẹ̀lú eegun lílọ̀. Ẹ má ṣe gé koríko tó hù níbi tí ẹ ń da ìgbẹ́ màlúù sí fún un, bó ti wù kó tutù tó lójú, nítorí pé pọ̀táṣíọ́mù inú rẹ̀ pọ̀. Pòròpórò àgbàdo àti koríko gíní tó gbẹ ló dára. Kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí fi oúnjẹ alágbára tí ó máa jẹ lẹ́yìn ìbímọ kún un, ìdajì kílò lóòjọ́ ní àkọ́kọ́, kí ó tó kílò 2 sí 3 kó tó bí. Kì í ṣe láti sanra. Àwọn kòkòrò inú àpò ńlá tó ti ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ nílò ọjọ́ púpọ̀ láti mọ oúnjẹ tuntun, bí ẹ bá sì da àgbàdo lé e lórí lójijì lọ́jọ́ tó bí, inú rẹ̀ á kan, kò sì ní jẹun mọ́. Ọjọ́ tó bá bí ni kí ẹ dá káún, ewé ẹ̀pà àti eegun lílọ̀ padà.

Bàbá Ọlọ́sìn Ìbàràpá

Ó yé mi. Èyí tó wólẹ̀ fún èmi ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ibi tí mo ń da ìgbẹ́ sí gan-an ni mo so ó mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ẹran Ọ̀sìn, Ògbómọ̀ṣọ́

Mo fẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ooru kún un, nítorí pé mo ti rí i ní oko púpọ̀ pé ìgbà tí màlúù kò bá fún wàrà mọ́ ni wọ́n ń lé e kúrò lábẹ́ òrùlé kí àwọn tó ń pawó lè ráyè. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Florida ní Amẹ́ríkà, tí Geoffrey Dahl wà lára wọn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe àyẹ̀wò rẹ̀. Wọ́n fi àwọn màlúù tó ń sinmi sábẹ́ ìbòòji pẹ̀lú fáànù àti omi ìtutù, wọ́n sì fi àwọn mìíràn sílẹ̀ nínú ooru. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn bí, tí wọ́n sì ń jẹ oúnjẹ kan náà ní ibi kan náà, àwọn tó sinmi nínú ìtutù fi nǹkan bí lítà 4 sí 5 ju àwọn yòókù lọ lóòjọ́. Ọmọbìnrin tí wọ́n bí láti inú ooru pẹ̀lú kò ní wàrà tó èyí tí a bí láti inú ìtutù, nígbà tí òun náà dàgbà tó ń fún wàrà.

Fáànù lè má sí ní Ìṣéyìn, kí iná má sì dúró. Ṣùgbọ́n igi máńgòrò ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀, ahéré tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò tó ga dáadáa tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá sì sàn ju páànù tó kéré tó sì ń ta ooru lọ. Omi tútù gbọ́dọ̀ wà níwájú wọn ní gbogbo ọjọ́.

Ìyá Oníwàrà

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi fún wàrà. A máa fi ọjọ́ 60 sílẹ̀ fún èyí tó ń lọ sí ìbí kejì. Dókítà, báwo ló ṣe yẹ kí ó sanra tó? Ti èmi tóbi gan-an.

Dókítà Ẹran Ọ̀yọ́

Ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ kan egungun ìhà àti ìdí ìrù. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ tí ẹ sì kan eegun, ó dára. Bí ẹ bá ń rí eegun láti òkèèrè, ó rù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí ọ̀rá nìkan ni ọwọ́ ń rì sí, ó ti sanra jù. Bó bá ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹ dáwọ́ fífún dúró ni ẹ máa gbìyànjú kó rí títí á fi bí. Ìgbà tó ń fún wàrà lọ́wọ́ ni a ń tọ́jú ara tó rù. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti mú kí èyí tó sanra jù rù lójijì ní àsìkò oyún yìí, nítorí pé ọ̀rá á ya wọ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ dín èèpo gbágùúdá àti àgbàdo kù, kí koríko gbígbẹ pọ̀. Lẹ́yìn tó bá bí, ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, nítorí pé àwọn tó sanra jù kì í fẹ́ jẹun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Olóko Ìṣéyìn

Mo wá jíṣẹ́ fún yín. Mo fún wàrà rẹ̀ kẹ́yìn ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá. Ó ti wá sí lítà 2 àbọ̀ lọ́jọ́ náà. Àyẹ̀wò ọṣẹ fi hàn pé orí ọmú kan lẹ́yìn lápá òsì ń fà, dókítà sì fi túùbù sí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ọmú náà kún débi pé ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bẹ̀ mí kí n jẹ́ kí òun fún díẹ̀. N kò gbà. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti rọ̀.

Mo so ó sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ahéré. Mo gbé káún àti ewé ẹ̀pà kúrò ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní bí ẹ ti wí. Mo tún kó ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ sí ibi tí ó máa bí sí, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì.

Ó bí abo ní ààjìn ọjọ́ 15 oṣù Kejì. Ó dìde fúnra rẹ̀ láàárín wákàtí kan, ó sì ń lá ọmọ rẹ̀. Mo fún lítà mẹ́ta wàrà àkọ́yọ fún ọmọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́, ó mu gbogbo rẹ̀ tán. Wàrà náà ki, ó sì pọ́n bí ẹyin adìẹ. Ní òní tó pé ọjọ́ kẹwàá, lítà 8 ló fún mi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lápapọ̀, ó sì ṣì ń lọ sókè. Àdùkẹ́ gba àtọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bó bá dúró, mo ti ka ọjọ́ rẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sí abẹ́ ti àkọ́kọ́ lára ògiri.